Ọjọ́ tí Mo Gba Àpò Lọ́wọ́ Signor Bruno

Ẹtì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ. Padova, Italy.

Ẹnu mi ló kó mi sí i. Martina wá bá mi níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀. Ikùn rẹ̀ ti yọ síta gan-an, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù mọ́ títí yóò fi bímọ. Bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀, Signor Bruno, ti sanwó ìrìn àjò láti ọdún tó kọjá: Botswana, ọjọ́ mẹ́wàá nínú igbó, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí erin. Ìyàwó wọn tó kú ló kọ́kọ́ ní i lọ́kàn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni bàbá náà, ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, abẹ́rẹ́ insulina ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ló gbé wọn ró. Martina ní, "Rónkẹ́, nọ́ọ̀sì ni ẹ́, ọ̀rẹ́ mi sì ni ẹ́. Ta ni kí n fi Papà lé lọ́wọ́?" Ọdún mẹ́jọ la ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní reparto, ẹ̀ka kan náà ní ilé ìwòsàn. Mo ní ó dáa. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n tèmi, ẹ̀rù ni.

Ọkọ mi, Ọmọ́túndé, pè láti Udine níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ìwọ tí ọmọńlé wọ balùwẹ̀ tí o ò wẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ìwọ ló ń lọ bá kìnnìún nílé?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ooru Arcella, àdúgbò wa yìí, le ju ti Ìbàdàn lọ, mo búra. Ventilatore, fáànù, kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ tram, euro mọ́kàndínlógójì. Mo rà á, mo sì ń bú wọn lọ́kàn.

Ìwé ètò ìrìn àjò ti dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. A ó lo ọjọ́ mẹ́rin ní lọ́ọ̀jì àkọ́kọ́ tó wà létí omi. Ní ọjọ́ karùn-ún, a ó kó lọ sí lọ́ọ̀jì kejì nínú igbó gbígbẹ. Ọjọ́ karùn-ún yẹn ni n kò fẹ́ kó dé. Bàálù kékeré ni, èyí tí wọ́n máa ń wọn ẹrù, wọ́n á wọn èrò, kó tó gbéra. Lẹ́yìn náà, wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò tí kò ní fèrèsé. Kò ní fèrèsé, ẹ gbà mí! Kí ni ó fẹ́ dá ẹranko dúró, ẹ̀rín ẹnu mi?

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ferragosto, ọlidé àárín ooru.

Gbogbo ìlú ti tì. Físà mi kò tíì jáde. Mo ń gbàdúrà kó má jáde, Ọlọ́run foríjì mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Màmá pè láti Ṣakí. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn òyìnbó ló ń sanwó kí wọ́n lè rí erin? Ohun tí baba ńlá yín rí tó fi ká ṣòkòtò sọ́wọ́ sá wọ ilé!" Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàdúrà fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n fi bàálù kékeré náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ní táyà-táyà.

Irewọlédé, ọmọ mi obìnrin, béèrè lọ́wọ́ mi nídìí oúnjẹ, pé, "Mamma, ma i leoni mangiano anche le infermiere?" Mo ní kìnnìún kì í jẹ nọ́ọ̀sì. Ó ní ta ló sọ fún mi. Ọ̀dọ̀ Àìṣà, aládùúgbò wa, ni yóò máa sùn títí bàbá rẹ̀ yóò fi gba ìsinmi.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ bá Signor Bruno di ẹrù. Bọ́ọ̀sì ìlú ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, wọ́n ṣì ń pàṣẹ bí ẹni pé gbogbo wa jókòó sẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àpò búlúù kékeré kan tó máa ń jẹ́ kí oògùn tutù. Kì í kúrò léjìká wọn. Mo ní kí n bá wọn tò ó, wọ́n gbọ́n ọwọ́ mi dànù.

Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Mo pín insulina sí méjì. Ìdajì wà nínú àpò búlúù lọ́dọ̀ wọn, mo fi ìdajì sínú àpò ńlá tèmi pẹ̀lú yìnyín, nítorí pé àpò ọwọ́ mi yóò gbóná jù. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà wà lọ́rùn èmi gan-an. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìkejì yóò wà. Martina yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní, "Brava," pé mo káre. Inú mi dùn bí ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Lọ́ọ̀jì àkọ́kọ́.

Bàálù mẹ́ta la wọ̀ ká tó débí. Ilé aṣọ ni wọ́n fi wá sí. Erinmi ń mí gúlútú-gúlútú lẹ́yìn ibùsùn mi, n kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀, bí àgbàlagbà tó jẹ ẹ̀bà yó ló ń ṣe. Mo ti to gbogbo àga sẹ́nu ọ̀nà. Ṣúgà Signor Bruno: 138 láàárọ̀, 151 lálẹ́. Ìyẹn nìkan ló ń lọ déédéé.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ kẹrin rèé, Signor Bruno kò tíì rí erin kankan àfi ẹ̀yìn méjì lókèèrè. Lọ́la la ó kó.

Àbámẹ́ta, ọgbọ̀n ọjọ́. Agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀, nínú mọ́tò.

Olúwa, gbà mí. Mo ń kọ èyí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe.

Insulina ti lọ. Méjèèjì.

Ní pápá bàálù láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ lọ́ọ̀jì kó kéèkì ìdágbére àti omi ọsàn wá. Signor Bruno jẹ ẹyọ méjì. Mo ní kò burú, bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ a ó gún abẹ́rẹ́ sí i. Awakọ̀ bàálù wọn ẹrù, ó ní ó ti wúwo jù, àwọn àpò kan yóò bá bàálù kejì bọ̀ lẹ́yìn wa. Àpò ńlá tèmi wà lára èyí tí wọ́n kó sórí ọmọlanke. Mo gbọ́ ọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé kò sí wàhálà, àpò búlúù wà lọ́dọ̀ bàbá.

Nígbà náà ni Signor Bruno bẹ̀rẹ̀ sí gun àkàbà bàálù. Ọ̀pá lọ́wọ́ kan, àpò búlúù léjìká kejì, ó ń já bọ́, wọ́n ń ta gbọ̀ngbọ́n. Ọwọ́ mi kàn lọ ni. Ta ló bí mi tí màá dúró tí màá máa wo arúgbó tó ń gbé ẹrù? Mo ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Yorùbá pọ́ńbélé ni mo fi sọ ọ́! Mo gbà á léjìká wọn, mo gbé e lé orí àpò mi lórí ọmọlanke kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú. Mo jókòó ti wọn. Mo di bẹ́líìtì wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi náà ti dijú, mo ń pe orúkọ Jésù nítorí bàálù. Gbogbo ẹ̀rù tí mo ní ni mo kó lé bàálù lórí, n kò ṣẹ́ ìkankan kù fún ohun tó yẹ.

Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ ni mo na ọwọ́ sí abẹ́rẹ́. Bàálù ti gbéra padà.

Ṣúgà Signor Bruno: 231. Wọn kò tíì mọ̀. Mo sọ fún wọn pé a ó gún un tí a bá dé ibi tí òjìji wà. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Agogo méjìlá àbọ̀, ọ̀nà kan náà

Mo ti sọ fún Tebogo, obìnrin tó ń wa mọ́tò. Ó dúró lójú ẹsẹ̀, ó pe lọ́ọ̀jì kejì lórí rédíò. Fóònù kò gbé rárá níbí. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn àpò ti ṣìnà lọ sí lọ́ọ̀jì mìíràn, ṣùgbọ́n bàálù agogo mẹ́ta yóò kó wọn wá. "Yóò kó wọn wá" tàbí "ó yẹ kó kó wọn wá"? Tebogo ní kò yé òun dáadáa, ariwo wà nínú rédíò.

Mo wá yíjú sí Signor Bruno. Mo ní, "Àpò yín ti bá bàálù kejì lọ. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀." Wọ́n fọwọ́ kan èjìká wọn bí ẹni pé wọ́n lè rí i níbẹ̀. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní ọdún méjìdínlógún ni àwọn ti ń gún abẹ́rẹ́, àwọn kò fi àpò yẹn sílẹ̀ rí, ní Padova, ní ilé ìwòsàn, níbi ìsìnkú ìyàwó àwọn pàápàá. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o gbà á?" Kí ni kí n sọ? Kí n ní bí màmá mi ṣe tọ́ mi ni?

318. Ẹnu wọn ti ń gbẹ. Mo ń fún wọn lómi.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjì lù

Erin ti dí ọ̀nà.

Tebogo pa mọ́tò. Ó ní kí a má mira. Mo ka mẹ́rìnlélógún, mo sì ṣíwọ́ kíkà. Ìyá kan dúró níwájú wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ikùn, ó na etí rẹ̀ méjèèjì gbalaja, ó ń wò wá. Bí mo bá na ọwọ́ díẹ̀ síta ni màá fọwọ́ kàn án. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo ń kọ̀wé láìwo ìwé.

Signor Bruno ń sunkún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún, wọ́n ń pe orúkọ ìyàwó wọn, "Luisa, guarda, Luisa," pé kó wá wò ó. Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀jẹ̀ yín ti ń di oyin, ẹ ń wo erin! Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì.

377.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Abúlé, níwájú kílíníìkì.

Signor Bruno wà láàyè. Kí n tètè kọ ìyẹn ná.

Nígbà tí erin ṣí ọ̀nà, Tebogo ní méjì ni ohun tó wà níwájú wa. Lọ́ọ̀jì ku ogójì ìṣẹ́jú. Bí àpò bá bá bàálù agogo mẹ́ta dé, ó parí. Kílíníìkì ìjọba wà ní abúlé kan, ó ju wákàtí kan lọ, ọ̀nà ibẹ̀ sì yàtọ̀. A kò lè ṣe méjèèjì, nítorí pé kò sí ẹni tó ń wakọ̀ nínú igbó náà bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Tí a bá dé lọ́ọ̀jì tí àpò kò dé, ibẹ̀ la ó wà di ọjọ́ kejì. Ó ní, "Sister, ìwọ ni nọ́ọ̀sì." Signor Bruno ti gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Èémí wọn ti ń yí padà, ó ń jìn. Mo mọ èémí yẹn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tó jù mí lọ dá sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Kílíníìkì."

Ilẹ̀kùn wà ní títì, Àbámẹ́ta ni. Tebogo fi họ́ọ̀nù pariwo. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jáde láti ilé ẹ̀yìn, obìnrin tó ti tó ọgọ́ta ọdún, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Damaris lorúkọ wọn. N kò mọ ìgbà tí orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ nínú iyanrìn. Mo ní, "Mà, ẹ gbà mí." Wọ́n wò mí, wọ́n wo Tebogo, wọ́n ní, "Dìde, àbúrò mi. Ta ló kú?" Mo ní kò tíì sí o.

Insulina wà nínú fíríìjì wọn, èyí tó wà nínú ìgò, kì í ṣe èyí tó rí bíi pẹ́ẹ̀nì ìkọ̀wé bíi tiwa. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ mí, àwọn kò mọ bàbá òyìnbó yìí, níbo ni ìwé dókítà wà? Ìwé náà wà nínú àpò. Mo fi káàdì iṣẹ́ mi hàn wọ́n, èdè Italy ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n wá ní, "Sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo rẹ̀."

Mo lè ní àwọn elérù ló sọ ọ́ nù. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú obìnrin náà, mo sì rò pé tí ẹni yìí bá mọ̀ pé mo ń parọ́, kò ní ṣí fíríìjì. Mo sọ bó ṣe rí: kéèkì, àkàbà, èjìká, ọmọlanke. Wọ́n ní, "O gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n mi orí. Wọ́n bi mí léèrè iye tí màá fà sínú síríńjì àti ìdí rẹ̀, mo dáhùn, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo dáhùn. Wọ́n lọ fọ ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn, wọ́n ṣí fíríìjì.

412 ni nígbà tí a gún un. Mà Damaris di ọrùn ọwọ́ mi mú títí mo fi fa abẹ́rẹ́ náà yọ. Wọ́n so omi mọ́ Signor Bruno lápá. Wọ́n kọ orúkọ bàbá sínú ìwé ńlá, wọ́n béèrè nọ́ńbà fóònù ọmọ bàbá náà, mo kà á fún wọn. Agogo mẹ́fà, 290. A sùn síbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, 168. Signor Bruno ní ebi ń pa àwọn. Mo lọ sẹ́yìn kílíníìkì, mo sunkún títí ikùn fi ń dùn mí.

Rédíò ní àpò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́ọ̀jì ni, agogo mẹ́wàá òní. Kò bá bàálù agogo mẹ́ta wá.

Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án. Lọ́ọ̀jì kejì.

Signor Bruno pè mí jókòó. Wọ́n ní àwọn ti ronú sí i. Wọ́n ní, láti ọdún mẹ́ta tí Luisa ti kú, kò sí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn rí; nígbà tí mo gbé àpò náà, ara tu àwọn, àwọn kò wẹ̀yìn wo ibi tí mo gbé e sí. "Nítorí náà, àwa méjèèjì la ṣe é," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí Martina má gbọ́ tèmi. Àwọn yóò sọ pé àwọn gbàgbé àpò náà fúnra àwọn. Wọ́n ní àṣẹ ni.

N kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé." Ìtìjú ń bá mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà. Padova.

A ti dé. Òjò ń rọ̀. Irewọlédé ka gbogbo ìka ọwọ́ mi bóyá ó pé.

Àìkú, ọjọ́ keje

Martina fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Papà ti sọ fún òun bí wọ́n ṣe gbàgbé àpò insulina, àti bí mo ṣe gbé wọn dé kílíníìkì. Ó ní òun dúpẹ́. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fi àwòrán ọkàn pupa sí i bó ṣe máa ń ṣe.

Ọmọ́túndé ní, "Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àgbà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ìwọ yóò ha sọ bàbá náà di òpùrọ́?" Ó ní mo lè pàdánù ọ̀rẹ́, mo lè pàdánù iṣẹ́ pẹ̀lú, bí Martina bá fẹjọ́ sùn ní reparto. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òwe kan kò fi mí sílẹ̀: Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò ní agbára à ń wẹ̀yìn fún ogún ọdún.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mestre, sí ilé Martina. Ó ń ká aṣọ ọmọ tuntun lórí tábìlì. N kò jókòó. Mo ní, "Kì í ṣe Papà ló gbàgbé àpò náà. Èmi ni mo gbà á léjìká wọn, mo gbé e sínú ẹrù tó ń lọ sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá kú, èmi ni. Wọ́n ń bò mí láṣìírí ni."

Ó ká aṣọ kan tán, ó mú òmíràn. Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó ní nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Damaris pe òun lọ́jọ́ Àìkú tí a ṣì wà ní kílíníìkì gan-an, láti béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bàbá òun nílé. Mà Damaris sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Martina ní láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ni òun ti ń dúró. Ó ní nígbà tí Papà pè tí wọ́n ń parọ́ tiwọn, òun kò já irọ́ wọn, òun fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà yóò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. "Àìkú, o dákẹ́. Àná, o dákẹ́." Ó ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó pariwo mọ́ mi, Ọlọ́run mi, ó pariwo! Bàbá kan ṣoṣo ni òun ní. Kí ló dé tí n kò fi oògùn díẹ̀ sí ara mi, nọ́ọ̀sì wo ló ń fi ọ̀kan lé orí èkejì? Gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ara mi ló sọ, n kò gbèjà ara mi. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń mí.

Mo gbé omi fún un. Ó gbà á, ó mu ún. Ó ní, "N kò tíì dárí jì ẹ́."

Mo ní mo mọ̀. Mo mú àpò mi, mo dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Papà fẹ́ rí dókítà ṣúgà lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mẹ́sàn-án. Èmi kò lè wa mọ́tò mọ́." Kò wo ojú mi. "Ìwọ ni kí o mú wọn lọ."